Ohun Tí Mo Rí Ni Mo Kọ

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. "Mummy Tíṣà, báwo ni ilẹ̀ Ìbàrùbá? Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣu wọn gùn tó ènìyàn?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní iṣu wọn gùn dáadáa, màá sì kọjá lọ. Ẹ̀rín yẹn kò ti inú wá. Ojú ló ń tì mí. Mo wá rò ó pé kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí kálukú kà á, kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ yín ló gba ọwọ́ mi kọjá, ẹ sì mọ̀ bí mo ṣe rí. Mi ò fún ọmọ ẹnikẹ́ni ní máàkì tí kò gbà, ìbáà jẹ́ ọmọ àlùfáà ìjọ wa, ìbáà jẹ́ ọmọ lẹ́mọ́ọ̀mù. Òbí tó bá wá bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni màá sọ fún un: "Ohun tí mo rí ni mo kọ." Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa fi ọ̀rọ̀ yẹn sín mi jẹ lẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Kí n tó kúrò nílé

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi lọ. Wọ́n fẹ́ gbé nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn kékeré àti kànga ẹ̀rọ lọ sí àwọn abúlé tí ìyà ń jẹ jù, wọ́n sì ní lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí. Ni wọ́n bá kó àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jọ, wọ́n fún wa ní fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ìbéèrè kún inú rẹ̀. Kí ni wọ́n fi bo ilé? Orí kí ni wọ́n ń sùn? Ṣé wọ́n ní jẹnẹrétọ̀? Ṣé wọ́n fojú kan ẹran tàbí ẹyin lọ́sẹ̀ yìí? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀, fóònù náà ló sì ń ro máàkì pọ̀. Abúlé tí kò bá ní nǹkan kan ni orúkọ rẹ̀ máa wọ ìwé. Èyí tó bá ní, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Àdúgbò wa níbí ni wọ́n ti ní ká kọ́kọ́ fi dánra wò. Ẹ má bínú sí mi, mo máa sọ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ojú yín le! Bí ẹ ṣe gbọ́ pé ìjọba ń kọ orúkọ aláìní báyìí, fìríìjì pòórá ní ilé gbogbo. Tẹlifíṣọ̀n sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Alhaji kan, mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀, jókòó sórí ẹní tó ti fàya, ó gbé gààrí gbígbẹ síwájú, ó dijú bí ẹni tí ebi ti lù pa. Ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Alhaji, kí ló ń dún lẹ́yìnkùlé yẹn?" Ó ní, "Ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa ni, Mummy. Àwọn olówó." Mo dìde, mo yí ilé po, mo gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná jó mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo kọ jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, Alhaji ò sì kí mi fún odindi oṣù kan.

Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ẹnì kankan ò tún ní rí mi tàn jẹ. Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní abúlé kan lọ́nà jíjìn réré, ní ilẹ̀ àwọn Ìbàrùbá lápá òkè Kwara wa yìí kan náà, mo pe ẹni tí wọ́n ní yóò máa túmọ̀ fún mi. Sábí ni wọ́n ń pè é, ọmọ abúlé náà gan-an ni. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣakí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá.

Mo ní, "Sábí, má sọ ohun tí mo ń bọ̀ wá ṣe fún ẹnikẹ́ni o. Sọ fún wọn pé àlejò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ní, "Àlejò, Mummy?"

Mo ní, "Àlejò."

Ó ní, "Ó dáa, Mummy. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá."

Ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹ bá mi rántí rẹ̀.

Ọ̀nà àti odò

Mo di ànàmọ́ sínú àpò, torí ẹ mọ̀ pé ọmọ Ọ̀fà kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo, mo sì gbéra. Ẹni tó bá ti Ọ̀fà dé Ijagbo nítòsí yìí lórí ọ̀kadà, tó sọ̀ kalẹ̀ tó ní ìdí ń dun òun, kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Títì tí a ń bá bọ̀ kàn parí ni, kòtò sì gbapò. Eruku pupa wọ irun mi, ó wọ ètè mi, ó wọ inú Bíbélì tí mo gbé sínú báàgì. Àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ̀nà nítorí àwọn ajínigbé dá wa dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú wọn wo orí ewú mi, ó ní, "Ìyá, kí lẹ ń wá débí?" Mo ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ó ní, "Ìjọba? Tí ẹ bá rí i, ẹ bá wa kí i."

Ọjọ́ kejì ni mo bá Sábí pàdé ní ìlú kan tó ní ọjà, tó ní ọsibítù, tó sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ló kù. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ń ka Sáàmù. Nígbà tó yá, a dé etí odò kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi náà ò ju orúnkún lọ. Sábí ti ọ̀kadà, èmi ká aṣọ mi sókè, mo rìn ín kọjá, òkúta ń gún mi lẹ́sẹ̀.

Sábí ní, "Ẹ wò ó dáadáa, Mummy. Tí òjò bá dé, igi yẹn náà máa wọ inú omi." Igi tó nà sí ga ju ilé lọ. "Ẹni tó wà níhìn-ín á wà níhìn-ín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á wà lọ́hùn-ún. Ọ̀hún sì ni ọsibítù wà."

Ó sọ fún mi nípa Báké, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bímọ, kò sí èyí tó dúró nínú àwọn ọmọ náà. Ìgbà kejì, ibi tí a dúró sí yẹn ni wọ́n gbé e dé, wọ́n ń wo omi, omi ń wò wọ́n. Báyìí, ó tún ti lóyún. Oṣù tí òjò bá ń rọ̀ jù ló máa bí.

Nínú ọkàn mi, mo ti fún Báké ní nọ́ọ̀sì. Mo ní abúlé yìí kọ́ ni wọ́n ń wá kiri? Kò sí ọ̀nà, kò sí omi ẹ̀rọ, odò gé wọn kúrò lára ènìyàn. Kí n ṣáà ṣe iṣẹ́ mi dáadáa, máàkì á gbè wọ́n.

Bí wọ́n ṣe gbà mí

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ìyà tó jẹ wọ́n ti tó.

Kí a tó dé, mo ti rí i pé wọ́n gbá ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ oko wá sí àárín ilé, ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lórí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo wọn ti wọ aṣọ ọdún. Wọ́n lóṣòó kalẹ̀ kí mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìkíni náà ò tán bọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé tiwa níbí ò kúrú, tiwọn gùn ju tiwa lọ. Wọ́n kí mi kú ọ̀nà, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé, wọ́n bèèrè ẹsẹ̀ mi. Sábí ń túmọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ, mo wá ń mi orí lásán bí alángbá. Mi ò mọ̀ pé báyìí ni ó ṣe ń rí lára àjèjì: pé o wà láàrin ènìyàn, ẹnu rẹ ò sì wúlò.

Ọ̀dọ̀ ìyá Sábí ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ìyá Wóru ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Wóru ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ Báké. Ìyá náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń wò ó nígbà gbogbo. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi koríko bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú yàrá tí wọ́n fún mi! Mátírẹ́ẹ̀sì tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀. Àga oníke méjì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn ilé, gílóòbù kan lókè orí mi. Mo jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, ọ̀rá náà dún. Mo ní, háà, àwọn ènìyàn yìí kúkú ń gbìyànjú.

Oúnjẹ dé. Iyán tó funfun bí òwú, ẹran ewúrẹ́ nínú ọbẹ̀, àwo tánganran mẹ́ta tó ń dán. Báké ló gbé e wá. Oyún rẹ̀ ti yọ síwájú, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ da omi sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ jẹun. Ìyá Wóru rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Sábí ní, "Ó ní àwọn ti jẹun."

Àwa náà ń sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ti sọ ọ́ rí lójú àlejò, nígbà tí ìkòkò ò ní ju ẹnu kan lọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ ẹran mi.

Lọ́jọ́ kejì, orúnkún tí mo fi rìn nínú omi wú. Báké rí bí mo ṣe ń tiro. Kò sọ̀rọ̀, a ò kúkú gbọ́ èdè ara wa. Ó mú òrí wá nínú igbá, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ikùn yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó ń ra á. Ọwọ́ rẹ̀ le nítorí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó ń dùn mí. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Kò yé e, ó ṣe bí ẹni tó yé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà: mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tí mo bí.

Ìbéèrè

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo gbé fóònù dání, Sábí tẹ̀lé mi, a ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì. Ilé tí mo bá wọ̀, wọ́n á ti tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀ fún mi. Wọ́n á gbé ẹyin sísè wá. Ẹyin, ẹyin, ẹyin, títí ẹyin fi kọ́ mi lọ́nà ọ̀fun. Ìbéèrè náà sì wà níbẹ̀: ṣé ilé yìí fojú kan ẹran tàbí ẹyin lọ́sẹ̀ yìí? Ẹyin ń bẹ lọ́wọ́ mi! Mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó kan ilé Ìyá Wóru, mo ní, "Sábí, bi Ìyá. Ṣé wọ́n ní jẹnẹrétọ̀?"

Sábí bi í. Ìyá wo Sábí. Sábí wo ilẹ̀. Ìyá sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan.

Sábí ní, "Ó ní ó wà."

"Mátírẹ́ẹ̀sì?"

"Ó wà."

"Àga?"

"Ẹ ń jókòó lé e, Mummy."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi, pé àwọn ará oko yìí ò dà bí Alhaji wa. Wọ́n ń sọ òtítọ́, kò sí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo máa padà, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo rí àwọn àwo tí mo fi ń jẹun níbi tí Báké dojú wọn dé sínú oòrùn kí wọ́n gbẹ. Mo rí ìdí wọn. Ọ̀kan ní àmì ọ̀dà pupa, ọ̀kan ní àmì ọ̀dà àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta, wọ́n fi ìṣó ha àgbélébùú sí i nídìí. Ẹ̀yin obìnrin Ọ̀fà, mo mọ̀ pé ara yín ti bù máṣọ báyìí. Kò sí obìnrin kankan nínú wa tí kì í fi ọ̀dà sàmì sí àwo rẹ̀, torí a mọ̀ pé àwo ń jáde nílé, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà padà sílé. Àwo mẹ́ta, àmì mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ló ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní kíláàsì mi á yanjú ẹ̀. Èmi wò ó, mo ní, ẹ wò ó, àwọn obìnrin ibí náà ń sàmì sí àwo bíi tiwa. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo lọ di ẹrù mi.

Mátírẹ́ẹ̀sì

Sábí gbé mi padà kọjá odò, ó gbé mi dé ìlú ọlọ́jà yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Mo tẹ bọ́tìnì, fóònù ní iṣẹ́ mi ti dé Ìlọrin, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣí i mọ́. Ọkàn mi balẹ̀. A yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì létí gáréèjì, Ìyá Onírẹsì, ọmọ Ṣakí tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀.

Bó ṣe gbé ìrẹsì síwájú mi, ó ní, "Mummy, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ sùn dáadáa lórí mátírẹ́ẹ̀sì mi?"

Mo ní, "Mátírẹ́ẹ̀sì wo?"

"Èyí tí Ìyá Wóru yá lọ́wọ́ mi nítorí yín. Mo ní kí wọ́n má bọ́ ọ̀rá ẹ̀ o! Ìyàwó Wóru ló rù ú. Mo ní, pẹ̀lú oyún? Ó ní kò wúwo." Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹnẹrétọ̀ náà, ti ọkọ mi ni. Kí n má purọ́, ó bọ́ sákòókò fún wa. Ẹnì kejì yín tó wá kọ orúkọ níhìn-ín, àwa ti gbọ́ ohun tó wá ṣe. Gbogbo ẹrù wa ti wà lódìkejì odò kó tó dé."

Mo ti àwo ìrẹsì sẹ́yìn. Mo yíjú sí Sábí.

"Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n gbà á láwìn ni, Mummy."

"Ẹyin?"

"Èyí tí wọ́n fẹ́ kí adìyẹ sàba lé ni."

Yéè! Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo gáréèjì. Mo ní, "Ìwọ Sábí, o mọ gbogbo èyí, o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń kọ ọ́, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kò pariwo. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ fún wọn pé àlejò ń bọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní àlejò ń bọ̀, ó tán. Ìtìjú ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn ò bẹ̀rù ikú tó bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Àbí kí n wá máa sọ níwájú ìyá mi pé ìyá mi ò ní ibùsùn? Ẹ̀yin Mummy, ṣé ẹ̀yin lè sọ ọ́?"

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi ní Ọ̀fà, àga tí wọ́n jókòó lé, ti ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni. Ìyá mi tò ó sí pálọ̀, ó ní ẹni tó bá sọ ọ́ jáde, òun á fa ẹnu rẹ̀ ya. Títí ọkọ mi fi kú, kò mọ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwa náà la ń pa á lówe. Tí ó bá jẹ́ àjèjì láti òkè òkun ló ṣe irú àṣìṣe yìí, a ó ní kò mọ̀. Èmi mọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ti bí mi.

Ọ̀gá ní Ìlọrin

Mi ò yà nílé. Ìlọrin ni mo gbà lọ, pẹ̀lú eruku lára mi. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà, ó fún mi ní omi, ó fún mi ní ìjókòó. Mo ṣàlàyé. Mo ní kó pa ohun tí mo kọ rẹ́, kó jẹ́ kí n padà lọ kọ òmíràn.

Ó ní, "Mummy, ẹ̀rọ ti gbà á. Tí mo bá ṣí tiyín, ọ̀la, gbogbo ènìyàn á fẹ́ kí n ṣí tiwọn kí wọ́n lè fi ìlú bàbá wọn sí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe látẹ̀yìn wá nìyẹn, ohun tó sì bà á jẹ́ nìyẹn." Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Ohun tí ẹ rí lẹ kọ, Mummy. Ẹ ò ṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n bù fún mi yẹn. Ẹ wo iye òbí tí mo ti fi lé jáde ní ọ́fíìsì. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣàlàyé ọ̀dà pupa, mo ṣàlàyé ewúrẹ́. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ takuntakun.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ọ̀fà nígbà tí ìwé orúkọ jáde. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á lókè, mo kà á nísàlẹ̀. Abúlé mi ò sí níbẹ̀. Ìlú Ìyá Onírẹsì wà níbẹ̀, ìlú tó ti ní ọsibítù tẹ́lẹ̀. Mo pe Sábí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Òjò ń rọ̀, mo ń ka oṣù Báké lórí ìka mi. Alhaja, ará ẹ̀gbẹ́ ilé mi, bi mí láti orí ògiri pé kí ló dé tí mi ò fẹ́ràn òjò mọ́. Mo ní òtútù ń mú mi.

Àlejò mi

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Sábí ni. Ó wà ní gáréèjì Ọ̀fà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé mi ni ẹ mọ̀ yẹn. Àwo mi ti sán létí. Fáànù mi ti kú tipẹ́. Mo sáré sẹ́yìnkùlé, mo ké lórí ògiri, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo ní àlejò!" Alhaja ò bi mí ní nǹkan kan. Ó na àwo mẹ́ta sí mi, ó gbé fáànù tẹ̀lé e. Mo pa adìyẹ kan ṣoṣo tí mo ní. Mo fi ànàmọ́ gún iyán, mo sì tan fáànù kọjú sí àga tó máa jókòó lé. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tí a ń ṣe ni mo ń ṣe.

Sábí wọlé pẹ̀lú iṣu ńlá mẹ́rin àti igbá òrí kan. Ó ti rù. Ó ní, "Báké ló ṣe òrí yìí fún orúnkún yín. Ó ṣe é kó tó lọ."

Mo ní, "Lọ síbo?"

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ ná. Ó ní, "Omi kún, Mummy. Ọjọ́ méjì la fi wà létí odò. Kò ké. Àwọn obìnrin wa kì í ké lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ní ìtìjú ni. Wóru ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké, pé bóyá àwọn tó wà lódìkejì á gbọ́. Kò ké. Òun àti ọmọ náà la jọ gbé padà sílé."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò bo ojú, mi ò bo ẹnu. Sábí dúró títí mo fi sunkún tán. Mo ní kó jẹun. Ó jẹun, torí ó mọ̀ pé tí òun ò bá jẹ ẹ́, yóò dùn mí.

Nígbà tó jẹ ẹ́ dé àárín, ó ní, "Ìyá ní kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n gbọ́ pé orúkọ àwọn ò jáde. Ó ní kí n bi yín, kí làwọn ṣe tí inú àlejò àwọn ò fi dùn? Ó ní bóyá ẹran ni kò tó, tàbí ooru ló mú yín nínú yàrá yẹn. Ó ní kí ẹ má bínú. Tí ẹ bá tún ń bọ̀, àwọn á yá fáànù."

Fáànù Alhaja ń fẹ́ sí wa lára. Mo wò ó. Mo wo àwo tó wà níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Sábí, àwo yìí kì í ṣe tèmi. Fáànù yìí kì í ṣe tèmi. Mo yá wọn ni."

Ó fi ìka gbá ọbẹ̀ tó kù lá, ó gbé àwo náà sókè, ó yí ìdí rẹ̀ sí mi. Ọ̀dà pupa Alhaja wà níbẹ̀ gbàǹgbà. Ó ní, "Mo ti rí i láti ìgbà tí ẹ gbé e wá, Mummy."

Nígbà tó ṣe, ó bi mí pé kí ni kí òun wí fún Ìyá. Mo ní kó sọ fún un pé wọ́n ṣe mí lálejò tí ẹnikẹ́ni ò ṣe mí rí. Mo ní kó sọ fún un pé àlejò tí wọ́n gbà ni kò lójú, pé afọ́jú ni ìjọba rán sí wọn, pé èmi ni mo pa Báké.

Sábí mi orí. Ó ní òun ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àlejò ìyá òun.